Mo fẹ́ de húùkù mọ́ ẹ̀yìn Celica mi kí n lè máa fi fa ẹrù DJ. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

DJ_Bẹẹrẹ · Ọjọ́ Ajé, 8:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Iṣẹ́ DJ ni mò ń ṣe, Bẹẹrẹ ni mo sì ń gbé. Lọ́dún tó kọjá mo ra Toyota Celica tòkunbọ̀ kan, ti 2001, èyí tó ń lo jíà ọwọ́. Mo mọ̀ pé ọkọ̀ fàájì ni, mo mọ̀ pé ilẹ̀kùn méjì ló ní, ẹ má wulẹ̀ tún un sọ fún mi. Ó pẹ́ tó ti ń wù mí ni.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹrù iṣẹ́ mi ò wọ inú ẹ̀. Sátidé Sátidé ni mò ń háyà kòròpé. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo ní òde ìgbéyàwó kan ní Akóbọ̀. Kòròpé tí mo ti san àsansílẹ̀ fún kò yọjú títí agogo mẹ́jọ àárọ̀ fi kọjá. Nígbà tí mo fi rí òmíràn tí mo sì débẹ̀, ìyá ìyàwó ti wọlé, wọ́n ti so fóònù ẹnìkan mọ́ sípíkà kékeré kan, òun ni wọ́n ń jó sí. Ilẹ̀ ò lanu kó gbé mi mì.

Ni mo bá rò ó pé kí n ṣe tírélà kékeré tí mo lè so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ (kì í ṣe tírélà oníkọ̀ntéénà o). Wẹ́dà kan ní Gate ti wo Celica náà, ó ní wákàtí méjì lòun máa fi jó irin áńgù mọ́ bọ́ńpà ẹ̀yìn, tí òun á sì gbé bọ́ọ̀lù (orí irin róbótó tí imú tírélà máa jókòó lé) lé e lórí. Wákàtí méjì yẹn ló ń kọ mí lóminú. Ṣé ẹnikẹ́ni ti ṣe irú ẹ̀ rí? Ìrìn mi ò kọjá inú Ìbàdàn, àfi tí wọ́n bá pè mí sí Ọ̀yọ́ tàbí Ìṣẹ́yìn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọmọ_Mápó · Ọjọ́ Ajé, 8:31 alẹ́

Celica fẹ́ di ọmọlanke! Àwọn ará Japan tó ṣe é ò mọ̀ pé ẹnìkan ń bẹ ní Bẹẹrẹ.

Máíkírà ni ò bá rà. Máíkírà ń gbé èèyàn mẹ́fà, ewúrẹ́ méjì àti àpò èlùbọ́, kò sì ráhùn rí.

Wẹ́dà_Mọníyà · Ọjọ́ Ajé, 9:05 alẹ́

Àbúrò, má jẹ́ kó jó o mọ́ bọ́ńpà. Iṣẹ́ wẹ́dà ni mo fi ń jẹun láti 1998, mi ò fẹ́ ba iṣẹ́ oníṣẹ́ jẹ́, ṣùgbọ́n èyí ò ṣeé pa mọ́ra.

Bọ́ńpà tí ojú ẹ ń rí yẹn, rọ́bà ni. Irin tó fara pamọ́ sẹ́yìn ẹ̀, wọ́n ṣe é kó lè wó ni, kó jẹ́ pé òun ni ìyà á jẹ nígbà tí ẹnìkan bá gbá ẹ lẹ́yìn. Irin tí wọ́n ṣe fún wíwó, ṣé òun lo fẹ́ fi fa ẹrù?

Ibi tí a máa ń lọ ni ojú ṣáásì méjèèjì lábẹ́ búùtù, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Páìpù onígun mẹ́rin tó nípọn mìlímítà 5 ni mo máa ń gbé kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Mo máa ń jó àwo irin mọ́ orí ẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, kí n tó gbé e sábẹ́ ọkọ̀, bóòtì ni mo sì fi ń dè é mọ́ ṣáásì. Orí bóòtì yẹn, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ 8.8 sí i, nọ́ńbà tó ń sọ bó ṣe lágbára tó nìyẹn. Èyí tí wọn ò bá kọ nǹkan kan sí lórí, bó ṣe wù kó máa dán tó, fi sílẹ̀ fún oníṣòwò. Àwo irin mìíràn tún gbọ́dọ̀ wà nínú ṣáásì níbi tí nọ́ọ̀tì bá jókòó sí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, nọ́ọ̀tì á máa jẹ irin tínrín yẹn díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi já gbà.

Èmi kì í jó nǹkan mọ́ ara ọkọ̀ kékeré. Irin ìgbàlódé tínrín, ibi tí iná bá ti kàn án ló ti ń rọ, ibẹ̀ náà ló sì kọ́kọ́ ń dógùn-ún. Táńkì epo ẹ sì wà lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, kò jìnnà síbi tí ọ̀rẹ́ wa fẹ́ máa ta iná sí.

Ti bọ́ọ̀lù, èyíkéyìí tó o bá rí ní ọjà Àràrọ̀mí ti tó.

Bàbá_Corolla · Ọjọ́ Ajé, 10:20 alẹ́

Wẹ́dà, mo gbọ́, àmọ́ n ó jiyàn díẹ̀. Ní 1986 wọ́n jó húùkù mọ́ Peugeot 504 mi, mo fi fa jẹnẹrétọ̀ ilé iṣẹ́ wa láti Mọ́lété dé Òjóò, láti Òjóò dé Ògbómọ̀ṣọ́, kò já títí mo fi ta ọkọ̀ náà. Ẹni tó mọ iṣẹ́, tó bá jó nǹkan, ó jó o nìyẹn. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ẹ kàn fẹ́ràn nọ́ọ̀tì.

Wẹ́dà_Mọníyà · Ọjọ́ Ajé, 10:34 alẹ́

Bàbá, ẹ má bínú, 504 kọ́ ni Celica. Irin 504 yẹn, bí ẹ bá fi òòlù gbá a, òòlù lẹ máa tún ṣe. Ẹ lọ fi ìka ti ẹ̀gbẹ́ Celica, ẹ ó rí i bó ṣe ń jó wọlé.

Bàbá_Corolla · Ọjọ́ Ajé, 10:41 alẹ́

Ìyẹn náà tọ̀nà. Mo gbà fún ẹ níbẹ̀.

Rìwáyà_Challenge · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:50 àárọ̀

Bó bá wá di dandan kí ẹnìkan jó nǹkan nítòsí ọkọ̀ yẹn, kó kọ́kọ́ tú orí bátìrì, kó sì de wáyà áàtì ẹ̀rọ wẹ́dà sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó ń jó gan-an. Ọkọ̀ mélòó kan ni wọ́n ti wọ́ wá bá mi tí bìréènì bọ́ọ̀kìsì (kọ̀ǹpútà ọkọ̀) ti kú nítorí ọ̀rọ̀ yìí, tí oníkálùkù sì ń sọ pé òun ò fọwọ́ kan nǹkan. Ọ̀rọ̀ wáyà iná ẹ̀yìn, n ó padà wá sọ ọ́ tí mo bá ti ìsọ̀ dé.

Ará_Manchester · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11:12 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń gbé Manchester ṣùgbọ́n Òkè-Àdó ni wọ́n bí mi sí. Mo ti ń fa tírélà kékeré lẹ́yìn ọkọ̀ níbí fún bí ọdún mẹ́wàá, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dá sí i.

Ohun àkọ́kọ́: wá páálí irin kékeré tí nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ wà lára ẹ̀. Nọ́ńbà ìwúwo mẹ́rin ló máa ń wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ìwúwo ọkọ̀ pẹ̀lú ẹrù inú ẹ̀. Èkejì ni ìwúwo ọkọ̀ àti tírélà lápapọ̀. Ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin jẹ́ ti táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn. Yọ àkọ́kọ́ kúrò nínú èkejì, ohun tó kù ni ọkọ̀ náà lè fà. Bí èkejì ò bá sí, tàbí tó bá dọ́gba pẹ̀lú àkọ́kọ́, àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà ò fẹ́ kó fa nǹkankan nìyẹn.

Èkejì: tírélà tí kò ní bíréèkì tirẹ̀, òfin ibí ni pé kò gbọ́dọ̀ wúwo ju ìdajì ìwúwo ọkọ̀ tó ń fà á lọ, bó ti wù kó rí kò sì gbọ́dọ̀ ju kílò 750 lọ pẹ̀lú ẹrù inú ẹ̀. Celica fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 1,100. Ìdajì ẹ̀ jẹ́ 550. Mọ́kàn sí iye yẹn.

Bọ́ọ̀lù: àárín ẹ̀ gbọ́dọ̀ ga tó mìlímítà 350 sí 420 sílẹ̀ nígbà tí ẹrù bá ti wà nínú ọkọ̀. Celica ti rẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n kí wẹ́dà tó gé irin. Tírélà tó bá gbé imú sókè kò dáa rárá.

Ará_Houston · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:47 ọ̀sán

Ará Manchester, o ṣeun, ṣùgbọ́n nọ́ńbà mẹ́rin tó o sọ yẹn, ti Yúróòpù ni. Púpọ̀ nínú tòkunbọ̀ tó wà ní Ìbàdàn, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kó o wá. Sítíkà tó wà létí ilẹ̀kùn dírẹ́bà ni kó wò, ibẹ̀ kò sì ní sọ nǹkankan nípa tírélà. Ìwé ọkọ̀ ló máa ń sọ ọ́, ìwé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ eré ló sì ń sọ pé ẹ má fi fa nǹkan.

Ìyẹn ò ní kí àwọn èèyàn má fà á o. Níbí, àwọn tó ń fi Miata àti Corvette díje láàárín àwọn kóònù rọ́bà ní ibi ìgbọ́kọ̀sí ńlá máa ń de húùkù mọ́ ọn, wọ́n á so tírélà kékeré, wọ́n á kó táyà ìdíje sínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n táyà mẹ́rin pẹ̀lú rímù kò ju bí ọgọ́rin kílò lọ. Ẹ̀yin DJ, ẹ̀ ń gbé ògiri rìn ni.

Húùkù tó kéré jù tí wọ́n ń tà níbí, tí ihò ẹ̀ jẹ́ íǹṣì kan àti ìdá mẹ́rin, wọ́n ń kọ kílò 907 sí i lára, tí imú tírélà á sì fi bí kílò 90 tẹ̀ ẹ́. Ti húùkù nìyẹn, kì í ṣe ti ọkọ̀. Nínú ọkọ̀, húùkù, bọ́ọ̀lù àti táyà tírélà, èyí tí agbára ẹ̀ bá kéré jù ni kó o fi wọn ẹrù.

Wẹ́dà, bọ́ọ̀lù kì í ṣe èyíkéyìí o! Ti Yúróòpù jẹ́ mìlímítà 50. Ti ibí jẹ́ íǹṣì 2, ìyẹn mìlímítà 50.8, a sì tún ní èyí tó jẹ́ 1 7/8. Ojú ò lè dá 50 àti 50.8 mọ̀, ọjà Àràrọ̀mí á sì ní méjèèjì pọ̀ nínú abọ́ kan. Ọ̀bẹ̀rẹ̀ tírélà (irin imú tírélà tó ń gbá bọ́ọ̀lù mú) tó jẹ́ ti 50, tó o bá gbé e lé 50.8, ó lè má tì dáadáa. Ohun tó ń bọ́ lójú ọ̀nà nìyẹn. Ra bọ́ọ̀lù àti ọ̀bẹ̀rẹ̀ pọ̀ lọ́wọ́ ẹnìkan, wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí wọn lórí.

Wẹ́dà_Mọníyà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3:10 ọ̀sán

Mo gba ìyẹn. Èmi máa ń gbọ̀n ọ́n ni, tí kò bá mì, mo ní ó ti wọ̀. Láti òní lọ n ó máa ka nọ́ńbà.

Ìyá_Kánópì · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:30 alẹ́

DJ ọmọ mi, kánópì àti àga ni mò ń háyà fáwọn èèyàn ní Àpáta. Sienna ni mo fi ń fa tírélà mi, ó ti pé ọdún méje. Gbogbo ohun tí àwọn ọkùnrin yìí ń kọ nípa bóòtì dáa, àmọ́ kò sẹ́ni tó tíì bá ẹ sọ ohun tó máa ń pa èèyàn nínú wọn.

Ní 2019, à ń lọ sí Ifẹ̀. Àwọn ọmọ tó bá mi di ẹrù kó àga síwájú, wọ́n kó àwọn páìpù kánópì sẹ́yìn pátápátá nítorí pé páìpù gùn. Láti Ìwó Road títí a fi jáde nílùú, kò sí nǹkankan. Ìgbà tá a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lọ sí odò Àṣejirè, ọkọ̀ gba eré díẹ̀, tírélà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ju ìdí. Ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì, ó ń ti ìdí Sienna kiri bí ajá tó ń ju ìrù. Dírẹ́bà mi tẹ bíréèkì. Ah! Ibẹ̀ ló ti wá burú sí i. Ọlọ́run ló ní kò sí mọ́tò tó ń bọ̀ níwájú. Igbó la parí sí, táyà tírélà kan sì yọ.

Bàbá kan tó ti wa ọkọ̀ ńlá rí ló wá ṣàlàyé fún wa ní ẹ̀bá ọ̀nà níbẹ̀. Ó ní ẹrù tó wúwo gbọ́dọ̀ wà níwájú àáṣì tírélà (ọ̀pá tó so táyà méjèèjì pọ̀) díẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí a bá pín ẹrù sí mẹ́wàá, mẹ́fà á wà níwájú, mẹ́rin lẹ́yìn. Imú tírélà gbọ́dọ̀ tẹ bọ́ọ̀lù. Bí imú bá fúyẹ́, ìdí ló máa fi ọ́ ṣeré. Ó tún ní bí tírélà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ju ìdí, gbé ẹsẹ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀ níbi tí à ń tẹ̀ fún eré, di sitiarin mú ṣinṣin, má bá a jà, má tẹ bíréèkì, yóò fúnra ẹ̀ rọlẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, èmi fúnra mi ni mò ń dúró ti wọn bí wọ́n bá ń di ẹrù. Ọmọ mi, jẹnẹrétọ̀ ẹ, orí àáṣì gan-an tàbí iwájú ẹ̀ díẹ̀ ni kó wà. Kí epo má sì wà nínú ẹ̀ lójú ọ̀nà. Débẹ̀ kó o tó rọ epo sí i.

Kòròpé_Sáǹgo · Ọjọ́rú, 5:58 àárọ̀

Ẹni tó já DJ kulẹ̀ kò ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n gbogbo oníkòròpé kọ́ nìyẹn. Mo fẹ́ béèrè: irin, bọ́ọ̀lù, tírélà, táyà méjì, wáyà, owó wẹ́dà, owó rìwáyà, kílọ́ọ̀ṣì tó máa jó. Pín gbogbo ẹ̀ sí iye Sátidé tó wà nínú ọdún, kó o wá pè mí.

Ọmọ_Mápó · Ọjọ́rú, 6:20 àárọ̀

Ẹ gbọ́ bí oníṣòwò ṣe ń sọ̀rọ̀.

Rìwáyà_Challenge · Ọjọ́rú, 7:40 alẹ́

Mo ti dé. Wáyà mẹ́rin ni tírélà kékeré ti Amẹ́ríkà ń lò: funfun ni áàtì, búráùn ni iná alẹ́, yẹ́lò ni òsì, gíríìnì ni ọ̀tún. Yẹ́lò àti gíríìnì yẹn, iṣẹ́ méjì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣe, tráfíkétọ̀ àti bíréèkì pọ̀. Bí tráfíkétọ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ ẹ bá ní gílóòbù tirẹ̀ lọ́tọ̀, tó ń tàn bí omi ọsàn, tí bíréèkì sì ní pupa tirẹ̀, o ò lè kàn so wọ́n pọ̀. Bó o bá so wọ́n pọ̀ ní tààrà, tó o bá tẹ bíréèkì, tráfíkétọ̀ méjèèjì á tàn. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń pa wọ́n pọ̀ sí ọ̀kan. Bó ò bá rí i rà, wáyà márùn-ún ni kó o fà, kó o ra iná ẹ̀yìn tí tráfíkétọ̀ àti bíréèkì ẹ̀ jẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìyẹn ni mo fẹ́ràn jù, kò ní àlùmọ̀kọ́rọ́yí.

Má gbára lé bọ́ọ̀lù fún áàtì. Gíríìsì wà lára ẹ̀, ó sì ń mì. Fa wáyà funfun dé ara ọkọ̀ gan-an. Iná tírélà, láti bátìrì ni kí agbára ẹ̀ ti wá, pẹ̀lú fíúùsì àti rílè, kí wáyà iná ẹ̀yìn ọkọ̀ má baà máa ru ohun tí wọn ò ṣe é fún.

Ará_Ring_Road · Ọjọ́rú, 8:15 alẹ́

Èmi fa tírélà ọkọ̀ ojú omi kékeré rí. Nígbà tí àwọn VIO dá mi dúró, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n wò ni iná ẹ̀yìn, èkejì ni nọ́ńbà ọkọ̀ tí tírélà ti bò. Kọ nọ́ńbà ọkọ̀ sí ẹ̀yìn tírélà, fi iná sí i lórí, lẹ àwọn ìlà pupa tó ń kọ mànà mọ́ igun ẹ̀, kí C-caution àti paná-paná wà nínú ọkọ̀. Ìwọ̀n eré FRSC fún mọ́tò àdáni ní ọ̀nà márosẹ̀ jẹ́ kílómítà 100 ní wákàtí kan, ti tírélà ńlá àti táńkà jẹ́ 60. Má jókòó ti àríyànjiyàn pé tìẹ kì í ṣe tírélà gidi. 60 ni kó o sá.

DJ_Bẹẹrẹ · Ọjọ́bọ̀, 10:02 alẹ́

Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀yin àgbà. Mọ́mì, ìtàn Àṣejirè yẹn kò jẹ́ kí n sùn.

Mo yá òṣùwọ̀n lọ́wọ́ àwọn tó ń ra irin àlòkù ládùúgbò, mo wọn gbogbo ẹrù. Sípíkà báàsì méjì, kílò 45 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti òkè méjì, 22 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àpótí áḿpù, 35. Jẹnẹrétọ̀, 48. Míksà àti àpò ẹ̀, 15. Wáyà àti àwọn ẹsẹ̀ sípíkà, 28. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ 260. Tírélà tí Wẹ́dà bá mi ṣírò fún máa tó bí 140. Ó di 400.

Mo tún wọ abẹ́ ọkọ̀. Sàlẹ́ńsà gba ẹ̀gbẹ́ kan kọjá níbi tí páìpù yẹn fẹ́ gbà. Ṣé kí n gé sàlẹ́ńsà ni?

Wẹ́dà_Mọníyà · Ọjọ́bọ̀, 10:15 alẹ́

Má gé nǹkankan. Páìpù lá máa tẹ̀, kì í ṣe sàlẹ́ńsà. Kí àyè ìka mẹ́ta wà láàárín wọn, ìdí ọkọ̀ máa ń jó bó bá kọlu gálọ́ọ̀pù, sàlẹ́ńsà náà sì ń mì.

Tísà_Físíìsì · Ọjọ́bọ̀, 11:20 alẹ́

Mo ti ń dákẹ́ kà á láti àárọ̀. Ó kù díẹ̀ tí ẹ ò tíì sọ.

400 kò ju 550 Ará Manchester lọ, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n Celica, táyà iwájú ló ń fà á. Ẹ ronú jangilọ́fà. Láti àárín táyà iwájú dé àárín táyà ẹ̀yìn Celica yẹn jẹ́ mítà 2.6. Bọ́ọ̀lù á wà ní nǹkan bíi mítà kan sí ẹ̀yìn táyà ẹ̀yìn. Bí imú tírélà bá fi kílò 40 tẹ bọ́ọ̀lù, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́wàá, táyà ẹ̀yìn ló máa jẹ́ ibi tí jangilọ́fà dúró lé. 40 × 1 ÷ 2.6, ó jẹ́ nǹkan bíi 15. Táyà iwájú á pàdánù kílò 15, táyà ẹ̀yìn á gba 55, kì í ṣe 40.

15 kéré lójú, àmọ́ ìwọ gbé e lọ sí ibi gíga Mápó lẹ́yìn òjò, kó o fẹ́ gbéra lórí òkè pẹ̀lú 400 lẹ́yìn. Táyà iwájú á máa yí lójú kan.

Bó o ṣe máa tún un ṣe: àpótí áḿpù àti míksà, má kó wọn sínú tírélà, má sì kó wọn sí búùtù. Gbé àpótí áḿpù lé ìjókòó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ, de bẹ́líìtì mọ́ ọn bí ìyàwó, kí míksà wà nílẹ̀ níwájú ẹ̀. Kílò 50 ti kúrò lẹ́yìn nìyẹn. Tírélà di 350, imú ẹ̀ di 35. Òṣùwọ̀n tí wọ́n ń gùn nílé ni kó o gbé sábẹ́ imú tírélà láti wò ó, pẹ̀lú igi tó ga tó bọ́ọ̀lù. Má fojú díwọ̀n.

Ọmọ_Mápó · Ọjọ́bọ̀, 11:26 alẹ́

Áḿpù ti di aya. Kí ni ẹni tó wà nílé máa sọ?

Ará_Manchester · Ọjọ́ Ẹtì, 9:00 àárọ̀

Ìṣirò Tísà dára. Níbí, ìdá márùn-ún sí méje nínú ọgọ́rùn-ún ni a máa ń fi sí imú, mẹ́wàá pọ̀ lójú mi fún ọkọ̀ kékeré.

Ará_Houston · Ọjọ́ Ẹtì, 1:15 ọ̀sán

Níbí, mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Ẹ̀yin ń rò ti ìdí ọkọ̀, àwa ń rò ti tírélà tó ń ju ìdí. Tó bá jẹ́ pé sípíkà ló fẹ́ kó lọ sí Ìṣẹ́yìn, mẹ́wàá ni kó mú. Ṣéènì náà o! Méjì ni, kí wọ́n kọjá ara wọn lábẹ́ imú tírélà bí lẹ́tà X. Bí ọ̀bẹ̀rẹ̀ bá já, orí ṣéènì ni imú máa bọ́ sí, kò ní gún ọ̀dà.

Ìyá_Kánópì · Ọjọ́ Ẹtì, 4:40 ìrọ̀lẹ́

Mẹ́wàá. Èmi ti rí igbó.

Bàbá_Corolla · Ọjọ́ Ẹtì, 8:05 alẹ́

Ẹ́ńjìnnì Celica yẹn, bí kì í bá ṣe GT-S (Celica tó lágbára jù), 1ZZ ni orúkọ ẹ̀, ọ̀kan náà pẹ̀lú ti Corolla tó kún ìgboro, ẹ̀yà ara ẹ̀ ò ní wọ́n ẹ. Àmọ́ àwọn tó ṣáájú 2002 ń mu ọ́ìlì. Bí o bá ń fa ẹrù, fa dípísítíìkì wò kó o tó jáde nílé àti bó o bá dé.

Kílọ́ọ̀ṣì: má máa fi dúró lórí òkè. Háńdíbíréèkì ni kó o fi dúró. Rìfáàsì sì tún nìyẹn. Tírélà kúkúrú máa ń tètè ṣẹ́ po. Fi ọwọ́ di ìsàlẹ̀ sitiarin mú. Ibi tó o bá fẹ́ kí ìdí tírélà lọ, ibẹ̀ ni kó o ti ọwọ́ sí. Lọ kọ́ ọ ní pápá ní ọjọ́ Àìkú, kí àwọn ọlọ́jà Bẹẹrẹ má baà fi ẹ́ ṣe ìran wò.

DJ_Bẹẹrẹ · Ọjọ́ Àìkú, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn, 6:30 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti wà lára ọkọ̀! Wẹ́dà Mọníyà fúnra wọn ló ṣe é, ọjọ́ méjì ló gbà wọ́n. Bóòtì 8.8 mẹ́jọ. Bọ́ọ̀lù 50, ọ̀bẹ̀rẹ̀ 50, mo ka nọ́ńbà méjèèjì lójú oníṣòwò títí ó fi ń bú mi. Wọ́n fi sípíríǹgì oníwéwé sí tírélà kí gálọ́ọ̀pù má baà ba sípíkà jẹ́. Rìwáyà fa wáyà márùn-ún. Imú tírélà jẹ́ kílò 36 lórí òṣùwọ̀n.

Rìfáàsì ṣì ń dójú tì mí. Ìgbà tí tírélà bá ṣófo, mi ò rí i rárá nínú gíláàsì ẹ̀yìn, ó kúrú jù, àfi ìgbà tó bá ti ṣẹ́. Mo ti de igi méjì tó ní àsíá pupa mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀.

Láàárọ̀ yìí mo gbé e lọ láti Bẹẹrẹ gba Mọ́kọ́lá, mo já sí Òjóò, mo sì padà, ẹrù ló kún inú ẹ̀. Kò ju ìdí. Lórí afárá Mọ́kọ́lá, Máíkírà márùn-ún ló yà mí sílẹ̀, ọ̀kan sì ní kí n wá ta Celica náà fóun. Nǹkan kan ló kù: háọ̀bù táyà òsì gbóná débi pé ọwọ́ mi ò lè dúró lórí ẹ̀. Ti ọ̀tún kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Bàbá_Corolla · Ọjọ́ Àìkú, 6:52 ìrọ̀lẹ́

Wọ́n fún nọ́ọ̀tì béárìn jù. Já táyà, máa yí háọ̀bù bó o ṣe ń mú nọ́ọ̀tì náà le díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dúró, lẹ́yìn náà dá a padà díẹ̀, kó o tó ki pín-ìnnì bọ̀ ọ́. Fi gíríìsì tuntun sí i. Bí béárìn náà bá ti dúdú, pààrọ̀ ẹ̀, má fi gíríìsì tàn án.

DJ_Bẹẹrẹ · Ọjọ́ Ajé, 7:20 alẹ́

Mo já a, bàbá. Dúdú ni. Gate ni mo ti ń bọ̀ báyìí, mo ra méjì, mo pààrọ̀ ti ọ̀tún náà. Sátidé, Akóbọ̀ ni o, ìyá ìyàwó mìíràn.

Kòròpé_Sáǹgo · Ọjọ́ Ajé, 7:31 alẹ́

Nọ́ńbà mi ṣì wà lọ́wọ́ ẹ, àbí?